Lẹ́tà Láti Bọ́mà, Ilé Ní Cwmaman

Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Cardiff lọ sí Aberdare kì í kánjú. Bí ó bá ti kọjá Pontypridd, àwọn òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ara wọn, odò Cynon á hàn lápá kan, ilé olókùúta á sì tò tẹ̀léra lẹ́sẹ̀ òkè bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Ó dúró ní Abercynon, ó dúró ní Penrhiwceiber, ó dúró ní Mountain Ash, kí ó tó dé òpin ìrìn rẹ̀ ní Aberdare. Láti ibẹ̀, bọ́ọ̀sì kan ló gbé mi lọ sí Cwmaman. “Cwm” ni àwọn ọmọ Wales ń pe àfonífojì ní èdè wọn. Aman ni orúkọ odò tó ṣàn gba àárín rẹ̀ kọjá.

Kì í ṣe ibi tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń wọ́ lọ. Èédú ló kó àwọn ènìyàn jọ síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èédú náà ló sì bọ́ wọn títí àwọn ihò ìwakùsà fi ń kógbá sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tower, tó wà ní Hirwaun nítòsí ibẹ̀, ló pẹ́ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2008. Lónìí, koríko ti hù bo ojú ilẹ̀ tí èédú ti sọ di dúdú nígbà kan rí, afẹ́fẹ́ sì mọ́ gaara. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn lè rò pé láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni ibẹ̀ ti dákẹ́ rọ́rọ́ báyìí.

Òǹkọ̀wé kan ni mo tìtorí rẹ̀ lọ. Abúlé yìí ni wọ́n bí Alun Lewis sí ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọdún 1915. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n agboolé àwọn awakùsà ni bàbá náà ti jáde wá. Ọmọ mẹ́rin ni Gwladys, ìyá rẹ̀, bí: ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan. Alun gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Cowbridge nígbà tí ó ṣì kéré, ó sì lọ sùn síbẹ̀, jìnnà sí àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì ní Aberystwyth àti ní Manchester, ó sì padà wá ṣe olùkọ́ ní Pengam. Ènìyàn tí ọkàn rẹ̀ kórìíra ogun ni. Síbẹ̀, ní ọdún 1940, ó wọ iṣẹ́ ológun. Ní oṣù Keje ọdún 1941, ó gbé Gweno Ellis níyàwó, olùkọ́ bíi tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Mountain Ash. Ní ọdún 1942, ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́, Raiders' Dawn, jáde, ìwé ìtàn kúkúrú rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ òkun gbé e lọ sí India pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun South Wales Borderers. Òun àti Gweno kò tún fojú kan ara wọn mọ́.

Ohun méjì ló wà nínú àpò mi bí mo ti ń rìn ní òpópónà Cwmaman. Àkọ́kọ́ ni Letters to My Wife, àkójọ àwọn lẹ́tà tí Lewis kọ sí Gweno. Èkejì ni abala ìwé kan tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, tí orúkọ mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Èmi yóò dé orí àwọn orúkọ náà láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa àwọn lẹ́tà.

Kò rọrùn fún lẹ́tà láti ti India dé Wales lásìkò ogun. Èyí tó bá gba orí òkun lè lo ọ̀pọ̀ oṣù lójú ọ̀nà, ó sì lè má dé rárá bí àwọn ọ̀tá bá rì ọkọ̀ tó gbé e. Ọgbọ́n kan tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n ya fọ́tò lẹ́tà, kí wọ́n kó fíìmù náà sínú ọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ padà sórí ìwé kékeré bí ó bá gúnlẹ̀. Ìyàwó á gba ojú ewé tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, á gbé e súnmọ́ fìtílà, á máa wá ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà wínníwínní. Lẹ́yìn èyí, ojú ẹlòmíràn máa ń kọ́kọ́ kan ìwé náà. Àwọn ọ̀gá ológun ló ń ka lẹ́tà àwọn ọmọ ogun abẹ́ wọn kí ó tó kúrò ní àgọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ibi tí wọ́n wà. Ọ̀gá ni Lewis. Iṣẹ́ yìí wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá ìyàwó tirẹ̀ sọ ló tún ń ka ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ọkọ mìíràn ń bá ìyàwó wọn sọ.

Nínú àwọn lẹ́tà náà, a rí òun tìkára rẹ̀. A rí òṣì àwọn àgbẹ̀ India tí kò jẹ́ kí ó sinmi. A rí ilé ìwòsàn tí ó dùbúlẹ̀ sí ní Poona lẹ́yìn tí ó fi egungun àgbọ̀n ṣẹ́ níbi bọ́ọ̀lù. A rí ọjọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ tó jìnnà sí ojú ogun lọ̀ ọ́, tí ó kọ̀ ọ́ nítorí pé ó fẹ́ wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun tí ó mọ̀. A sì rí bí ó ti ń fi ewì ránṣẹ́ sílé. Òun àti Gweno, pẹ̀lú akéwì Robert Graves tó ń gbà á nímọ̀ràn, fi lẹ́tà jíròrò lórí ewì tí yóò wà nínú ìwé rẹ̀ kejì. Inú Ìwé Jóòbù ni ó ti mú orúkọ ìwé náà, Ha! Ha! Among the Trumpets, níbi tí Bíbélì ti sọ̀rọ̀ ẹṣin tí kì í sá fún ogun.

Kò rí ìwé náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, wọ́n kó wọn lọ sí Arakan ní Bọ́mà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, ìbọn ọwọ́ rẹ̀ yìn, ọta sì bà á lórí. Ọjọ́ náà ló kú. Ọmọ ọdún 28 ni. Ìgbìmọ̀ tí àwọn ológun gbé kalẹ̀ sọ pé èèṣì ni. Àwọn kan tí ó mọ bí ìbànújẹ́ ti ń bá a fínra kò gbà bẹ́ẹ̀. Gweno ní láti gbé pẹ̀lú ìbéèrè yẹn ní ìyókù ayé rẹ̀.

Ohun tí ìdílé rẹ̀ ṣe lẹ́yìn èyí ló gbé mi dé àfonífojì náà. Wọn kò ní ibojì tí wọ́n lè máa lọ tún ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Lẹ́tà ni wọ́n ní. Ní ọdún 1945, ìwé ewì tí wọ́n ti fi lẹ́tà tò pọ̀ jáde. Ní ọdún 1946, àwọn lẹ́tà kan láti India jáde nínú ìwé kékeré kan. Ní ọdún 1948, In the Green Tree kó lẹ́tà àti ìtàn kúkúrú rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1968, ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ ìwé nípa ọmọ rẹ̀. Nígbà tó sì di ọdún 1989, ọdún 45 lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Gweno gbé Letters to My Wife jáde. Ẹ rò ó wò: ìgbéyàwó tí kò pé ọdún mẹ́ta, tí ọkọ fi ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ wà ní òkè òkun tàbí ní àgọ́ ológun, ni obìnrin yìí ṣọ́ fún ọdún 45. Ní ọdún 2015 tí ó pé 100 ọdún tí wọ́n bí i, ìwé ìtàn àròsọ gígùn rẹ̀, Morlais, tí ó kọ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó kú ní 1944 ṣì ń tẹ ìwé ní 2015, nítorí pé ẹnìkan kò sun àwọn ìwé rẹ̀.

Ìwé kì í sì í ṣe ojúsàájú. Ní India, Lewis nífẹ̀ẹ́ obìnrin mìíràn, Freda Aykroyd, ó sì kọ lẹ́tà sí òun náà. Òun náà tọ́jú tirẹ̀, ìwé náà sì jáde ní ọdún 2006. Kò lè jẹ́ ohun tó rọrùn fún àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìwé méjèèjì, ènìyàn ẹlẹ́ran ara la ń rí, kì í ṣe ère. Nílẹ̀ wa, a máa ń sọ pé òkú kì í burú. A ó sì ju ohunkóhun tó lè ba oríkì jẹ́ sínú iná. Mo ronú lórí èyí gan-an ní Cwmaman. Ìdílé tó bá fẹ́ tọ́jú kìkì ohun tó dára nípa ẹni wọn kì í sábà tọ́jú ohunkóhun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ sí Aberystwyth, etí òkun ní ìwọ̀ oòrùn Wales. Orí òkè ni Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Wales wà, ilé funfun ńlá tó kọjú sí omi. Ọdún 1907 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni apá kan nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Lewis wà. Wọ́n fún mi ní káàdì òǹkàwé. Wọ́n ní kí n kó báàgì àti bírò sí ìta: pẹ́ńsù nìkan ló wọlé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ dà bí ti ilé ìsìn. Ní tábìlì tó kọjú sí tèmi, obìnrin àgbàlagbà kan ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó ti ń ka orúkọ. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ju bíi mílíọ̀nù mẹ́ta lọ kọ́ ilé báyìí fún ìwé ara wọn.

Mo wá yọ abala ìwé tèmi jáde.

Bàbá bàbá mi ní àbúrò kan tó lọ sí ogun Bọ́mà tí kò padà. “Bàbá Bọ́mà” ni gbogbo agboolé wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gbéyàwó, kò sì bí ọmọ kankan tí yóò pè é ní bàbá. Àwọn àgbà sọ pé ó rán lẹ́tà méjì wálé, èyí tí akọ̀wé àgọ́ bá a kọ. Inú àpótí bàbá ńlá mi ni wọ́n wà. Ikán jẹ àpótí náà tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀ kí bàbá mi tó mọ ìwé kà.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ló wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó wọ àfonífojì odò Kaladan. Agbègbè Arakan kan náà tí Lewis kú sí ni. Àmì aláǹtakùn ló wà lápá aṣọ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ la ọ̀nà gba inú igbó òkè, wọ́n ru ẹrù ogun lórí, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1944, ọjọ́ mẹ́ta péré ṣáájú ikú Lewis, àwọn ọmọ ogun Japan ká àwọn kan lára wọn mọ́ ẹ̀bá odò náà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tó wọ iṣẹ́ ológun ní ọmọ ọdún 16, wà níbẹ̀. Ọta fọ́ ọ ní ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman fi òun àti ọmọ Sierra Leone kan pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ wewu. Fadoyebo padà sílé, ó sì kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn kan gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì wá àwọn ọmọ Shuyiman rí. Bàbá wọn ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n ka lẹ́tà náà fún wọn. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Fadoyebo fi ayé sílẹ̀.

Ìlú Èkó pàápàá rántí ogun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Orúkọ ibi tí àwọn ọmọ ogun wa ti jà ní Bọ́mà ni Arakan, bárékè tó wà ní Àpápá. Ibẹ̀ náà ni orúkọ Dodan ti wá, èyí tó wà ní Ìkòyí, àti Myohaung ní Yábàá. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ èrò ń pe orúkọ wọn bí ibùdókọ̀. A sọ ilẹ̀ tí wọ́n kú sí ní orúkọ. Àwọn tó kú síbẹ̀ ni a kò dárúkọ.

Ibi tí wọ́n ti dárúkọ wọn wà ní Taukkyan, ní àríwá ìlú Yangon. Itẹ́ òkú ogun ni, tí ibojì inú rẹ̀ lé ní 6,000. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Alun Lewis. Ní àárín ọgbà kan náà, òpó gíga tò tẹ̀léra, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ ogun tí kò ní ibojì sára wọn: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orúkọ 27,000. Àwọn ọmọ India ló pọ̀ jù, àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà níbẹ̀. Èdè márùn-ún ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ìrántí tó wà níbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, èdè Bọ́mà, Hindi, Urdu àti Punjabi. Kò sí èdè Áfíríkà kankan. Bàbá Bọ́mà àti akéwì Wales ń gbé agboolé kan náà láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀kan lábẹ́ òkúta, èkejì lára òpó.

Ṣùgbọ́n orúkọ wo ni tirẹ̀? Ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì Commonwealth War Graves Commission láìsan kọ́bọ̀, mo sì wá a. Àwọn akọ̀wé ológun kọ orúkọ àwọn ènìyàn wa bí etí wọn ti gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fi orúkọ ìlú tí ènìyàn ti wá ṣe orúkọ ìdílé rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ló lè jẹ́ ti Bàbá Bọ́mà. Nọ́ńbà ológun tó wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́tà ọmọ ogun kì í sì í lọ láìsí nọ́ńbà yẹn lórí rẹ̀. Ikán kò mọ ohun tó ń jẹ.

Mo pe bàbá mi láti Aberystwyth. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n.

“Ṣé o rí i?” ni wọ́n bi mí.

“Mẹ́ta ni mo rí, sà,” ni mo dáhùn. “Mi ò lè mú ọ̀kan.”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Nígbà náà,” ni wọ́n wí, “máa gbàdúrà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn méjì yòókù náà ní ẹni tó ń wá wọn.”

Èyí ni ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi. A kò kọ lẹ́tà mọ́, ṣùgbọ́n a kò dákẹ́. Ohùn ìyá wa wà lórí WhatsApp, fọ́tò wà lórí fóònù tí yóò bọ́ sínú omi lọ́la. Ikán ayé òde òní kì í pariwo: ọ̀rọ̀ ìwọlé tí a gbàgbé ni, fóònù tí a pààrọ̀ ni. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Ẹ tẹ àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì sórí ìwé, kí ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sí ilé kan ṣoṣo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ti ń kọ orúkọ ara wọn, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ, ibi iṣẹ́, nọ́ńbà. Bí ẹ bá ní ẹni tó lọ sí Bọ́mà nínú ìdílé yín, ẹ tú àpótí, ẹ wo ẹ̀yìn àmì ẹ̀yẹ àti etí ìwé owó ìfẹ̀yìntì. Ohun tó dà bí ẹni pé kò wúlò ni yóò ya ènìyàn yín sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Gweno Lewis kò kọ́ òpó, kò gbẹ́ ère. Kò ní ju àwọn ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi òkun àti ooru ti bá wí lọ, kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣègbé.

Nígbà tí mo lọ sílé ní oṣù Kejìlá, mo gba ohùn bàbá mi sílẹ̀ fún wákàtí méjì: ohun gbogbo tí àwọn àgbà sọ fún wọn nípa Bàbá Bọ́mà, àti oríkì rẹ̀ bí ìyá àgbà ti máa ń kì í. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo ṣe ẹ̀dà mẹ́rin, ó wà ní ilé mẹ́rin. Lókè ojú ewé àkọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, mo fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà.